Agolo Bisikíìtì Hafeez

Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù ò tíì jáde nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Jojú, ètè Hafeez ọmọ mi sì ń wú sí i.

Mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo bisikíìtì tó jẹ: ìyẹ̀fun, ṣúgà, mílíìkì.

Mo tún un kà. Kò sí ẹ̀pà. Ẹ̀pà nìkan ni ara rẹ̀ kì í gbà.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ó gba agolo náà kà. "Ìyá Hafeez, kí ló tún jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan mìíràn."

Ìyá ọkọ mi, tó bá wa wá, fà mí láṣọ.

"Ìyàwó mi, ti inú agolo yẹn ti tán tipẹ́. Èyí tó fọ́, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, ni mo dà sí i kí èèrà má baà bò ó."

"Màmá, kí ni wọ́n kọ sára ọ̀rá náà?"

"Wọn ò kọ nǹkan kan."