Ètò Tí Kì í Ṣe Dandan

Ètò náà kì í ṣe dandan. Ọ̀gbẹ́ni Ogiwara, alága àdúgbò Kawabe, sọ èyí ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì tún padà lọ sọ ọ́ ní àwọn ilé tí kò tíì gbà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ nígbà òtútù: ìlú tó bá fẹ́ dín èéfín àti ìdọ̀tí rẹ̀ kù lè fi orúkọ sílẹ̀, wọn yóò sì fún un ní àmì ewé kan tí yóò gbé kọ́ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Olórí ìlú Tsukibara ní òun yóò fọwọ́ sí i bí gbogbo àdúgbò bá fẹ́. Àwọn àdúgbò yòókù ní àwọn fẹ́ bí Kawabe bá fẹ́. Ní Kawabe, gbogbo ilé ló fẹ́, àfi ilé Ìyá Fusae.

Ìyá Fusae ní ilé ìwẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé. Ìkòkò irin ńlá ló wà níbẹ̀, tí ènìyàn ń jókòó sínú rẹ̀ tí omi á sì dé ọrùn rẹ̀, igi ni wọ́n sì fi ń dáná lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ̀nà èéfín rẹ̀ kó tó kú. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá náà á dáná, á wọ inú omi, á jókòó títí orúnkún rẹ̀ yóò fi rọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní lè dìde lórí ẹní láàárọ̀. Ọmọ rẹ̀ ní Osaka ti ní kó wá lo omi gbígbóná ti ẹ̀rọ. Ó lò ó, ó padà sílé, ó ní ara òun mọ ìyàtọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ogiwara mú ikàn tuntun wá fún un. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń hú ànàmọ́ àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ètò náà kì í ṣe dandan.

“Mo ti gbọ́,” ni ìyá náà wí. “Ìgbà mélòó lo máa sọ ọ́?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.”

“Shigeo,” ìyá náà fi orúkọ àbísọ pe Ogiwara, “inú ìkòkò yẹn ni ìyá rẹ ti máa ń wẹ̀ ọ́ nígbà tí tiyín jò. O máa ń tọ̀ sínú rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ ṣeun, Màmá.”

“Ṣé èéfín yẹn pa ọ́?”

Ó ní rárá, kò pa òun. Ó tún dúpẹ́, ó sì lọ.

Kò sí ẹni tó bá Ìyá Fusae jà. Pátákó ìkéde àdúgbò tó máa ń lọ láti ilé dé ilé bẹ̀rẹ̀ sí fo ilé rẹ̀. Nígbà tó béèrè, ẹni tó ń gbé e kiri ní òun ò fẹ́ fi dídìde yọ orúnkún rẹ̀ lẹ́nu ni. Wọ́n ní kó má wá gbálẹ̀ ojúbọ mọ́, kó sinmi. Lẹ́yìn náà ni Hirai, obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, wá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ kan bí èéfín ti ń gòkè. Aṣọ tó fọ̀ wà ní apá rẹ̀.

“Ìyá, èéfín yín ò dí mi lọ́wọ́ rárá o. Ẹ má tìtorí tèmi dáwọ́ dúró. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn òórùn igi.”

“Aṣọ yẹn ò tíì gbẹ.”

“Ó ti gbẹ, Ìyá. Ó ti gbẹ.”

Omi ń kán láti etí aṣọ náà.

Ìyá Fusae wọ inú ìkòkò, ó jókòó síbẹ̀ títí iná fi kú. Láàárọ̀, ó pe Ogiwara lórí fóònù pé kó mú àwọn tó máa wó o wá. Ogiwara rán an létí pé kì í ṣe dandan. Ìyá náà ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ tí aṣojú ìpínlẹ̀ wá, gbọ̀ngàn ìlú kún. Nomiyama ni wọ́n ń pè é, kò sì tíì dàgbà púpọ̀. Kóòtù dúdú ló wọ̀ nínú ooru yẹn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí àkàrà aládùn ńlá kan dání. Ó tẹrí ba fún olórí ìlú, ó tẹrí ba fún Ogiwara, ó tẹrí ba fún àwọn obìnrin tó ń gbé tíì. Kíá ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ogiwara ròyìn ohun tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti ṣe, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó parí. Nígbà tó kan Nomiyama, ó dìde, ó nu ọrùn rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí,” ó ní, “ó nira fún mi díẹ̀ láti sọ.”

“A mọ̀ pé ó nira,” ni Ogiwara dá a lóhùn. “A sì ti ṣe é.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nomiyama dúró kí àtẹ́wọ́ náà parí, ó tún la ẹnu. Olórí ìlú rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni, ó sì yára kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni Ìyá Fusae ní òun náà ní ọ̀rọ̀ kan. Hirai àti obìnrin mìíràn gbé e dìde. Ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú.

“Ọ̀gá kékeré, wọ́n ti wó ilé ìwẹ̀ mi lánàá. Tèmi nìkan ló ṣẹ́ kù tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó báyìí.”

Nomiyama wo ọwọ́ ìyá náà lórí àga náà.

“Ó ti tó, Màmá,” ó ní. “Ó ti pọ̀ jù.”

Ó tẹrí ba, kò sì tètè gbé e sókè. Àwọn kan sunkún. Olórí ìlú tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà, Nomiyama fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n sì pín àkàrà aládùn náà jẹ.

Ní ibùdókọ̀, kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ọ̀gá Nomiyama pè é lórí fóònù láti béèrè bí àwọn ará Tsukibara ṣe gba ìtọrọ àforíjì ìpínlẹ̀ pé wọ́n ti fagi lé ètò náà láti oṣù tó kọjá nítorí pé kò sí ìlú kankan tó fẹ́ ẹ, Nomiyama sì fèsì pé wọ́n gbà á dáadáa, wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.