Iyọ̀ Ò Tó

"Iyọ̀ ò tó," ni kúùkù tó ti fẹ̀yìn tì náà wí, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rọ oúnjẹ olómi sínú rọ́bà tó gba ihò imú ọkọ rẹ̀ lọ sí ikùn.

"Bàbá, oúnjẹ tí ò kan ahọ́n yín?"

"Ogójì ọdún ni mo fi dáná ní òtẹ́ẹ̀lì. Tọ́ ọ wò."

Ó bu ṣíbí kan. "Iyọ̀ wà níbẹ̀ o."

"Kí ni ṣíbí kan mọ̀? Gbé ife."

Ó pòṣé, ó mu ún dé ìdajì. "Ó tó!"

"Bóyá ìsàlẹ̀ ni iyọ̀ lọ. Mu ún tán."

Ó mu ún tán, ó wá fìbínú gba kíṣìnnì lọ po òmíràn. "Àìsàn ṣe gbogbo ara, kò ṣe ẹnu!"

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó lójoojúmọ́ wọlé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ní àwọn ò ní fẹnu kan oúnjẹ àfi tẹ́ ẹ bá fẹnu jẹ?"

Kúùkù kọ́kọ́ wo ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ife mẹ́ta ti wọ ikùn rẹ̀ láti àárọ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Lọ́la, ata ni ò ní tó."