Fintan Durkan Wo Ló Kọ́ Ọ?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá sọ pé ẹ ti mọ bó ṣe parí. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹnìkan kọ́ níwèé tàbí níṣẹ́ kí ẹ tó débẹ̀.

1.
Ẹnjiníà ni Ọládọ̀tun, nílùú Houston. Iṣẹ́ páìpù epo tó ń gba abẹ́ òkun kọjá ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Cypress, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston, ni òun, Olúbùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ àti Túnmiṣe ọmọ wọn ń gbé.

Ẹni tó sọ ọ́ di ẹnjiníà ni Fadá Fintan Durkan, òyìnbó ará Ireland tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkókó. Fadá yìí ń tiro, síbẹ̀ wọn kì í pẹ́ dé kíláàsì. Bébà tí wọ́n ti tẹ nǹkan sí lójú kan ni wọ́n máa ń kó wá láti ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù, kí àwọn ọmọ tí kò ní ìwé lè máa ṣe ìṣirò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí bàbá Ọládọ̀tun kú, tí ìyá rẹ̀ ní kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó wá máa ran òun lọ́wọ́ lóko, Fadá tiro dé oko náà. Wọ́n bá wọn wa iṣu láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n wá ní: "Màmá, mo ti ṣe ìpín tirẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kó wá sí kíláàsì lọ́la."

Ó padà sí kíláàsì. Kò tún kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí.

2.
Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ipò olórí ẹ̀ka kan ṣí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Andrew, ọ̀gá wọn, pè é jókòó, ó bi í pé: "Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò báyìí?"

"Òyìnbó ará Ireland kan ni. Fintan Durkan."

Andrew fò dìde. "Fintan Durkan? Èyí tó ṣàwárí ọ̀nà tí a fi ń dí kànga epo tó bá bú lábẹ́ òkun?"

Ẹ gbọ́ o. Orúkọ kan náà ni, ará Ireland kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni ọ̀tọ̀ ni. Gbogbo ẹnjiníà epo ló mọ ẹni tí Andrew ń sọ. Gbólóhùn kan péré ni Ọládọ̀tun ì bá fi tún un ṣe: "Rárá o, Fadá ni tèmi." Ojú tì í láti sọ pé Fadá abúlé ló kọ́ òun. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gba ipò náà. Láti ìgbà yẹn ni irọ́ náà ti ń sanra. Ó ń ròyìn bí òun ṣe ń jẹun nílé ẹnjiníà náà ní Dublin, àti bí ìyàwó wọn ṣe mọ ọ̀dùnkún sè tó. Fadá alára ti fẹ̀yìn tì sí ilé àwọn àlùfáà àgbà ní Ireland. Bí wọ́n bá pè é, kì í gbé e níbi iṣẹ́, kí ẹnìkan má bàa rí orúkọ náà lójú fóònù. Nígbà tó yá, kì í gbé e nílé náà mọ́.

3.
Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, Andrew wọlé tọ̀ ọ́ wá tẹ̀ríntẹ̀rín. "Fintan Durkan ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀! Ìwọ lo máa fi wọ́n han àwọn èrò."

Ọládọ̀tun délé, ó jẹ́wọ́ irọ́ náà fún ìyàwó rẹ̀. Olúbùkọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí: "Dádì Túnmiṣe, ẹ lọ bá Andrew lọ́la. Ẹ ní ẹ ṣì sọ ni. Ìtìjú ojú kan ṣì sàn ju ti gbogbo ayé lọ."

"Bùkọ́lá, fi mí sílẹ̀. Bàbá náà ti lé láàádọ́rin ọdún. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rántí gbogbo ẹni tí wọ́n kọ́?"

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọládọ̀tun gorí pèpéle, ó na ọwọ́ sí bàbá ẹnjiníà, ó ní: "Àwọn yìí ló kọ́ mi ní ìṣirò." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Bàbá náà béèrè jẹ́jẹ́: "Ṣé ìwọ ni Ọládọ̀tun, ọmọ Àkókó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"N kò dé Nàìjíríà rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n ní bí mo bá dé Houston kí n kí ọ."

Bàbá náà kò bú u. Wọ́n kọjú sí àwọn èrò.

"Fintan Durkan mẹ́ta ló lókìkí nílẹ̀ wa. Ọ̀kan gba bọ́ọ̀lù fún Ireland. Èmi ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Fadá tó kọ́ ọkùnrin yìí, àwọn ni mo sì kà sí ọ̀gá wa. Ogún ọdún ni lẹ́tà láti Nàìjíríà fi ń ṣìnà wá sí ọ́fíìsì mi. Dókítà, adájọ́, nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ń dúpẹ́ pé mo kọ́ àwọn ní ìṣirò. Mo wá Fadá náà lọ, kí n lè kó lẹ́tà wọn fún wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, bí ẹnìkan bá pe orúkọ mi, mo máa ń rò pé mo ní láti sapá sí i kó tó tọ́ sí mi."

Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọládọ̀tun nìkan ni kò lè gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè.

4.
Lọ́jọ́ kejì, Andrew pè é. "Ká ní o sọ fún mi pé Fadá ló kọ́ ọ, ipò yẹn ì bá ṣì jẹ́ tìrẹ. Iṣẹ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún mi lọ́la pé páìpù kan ò ní bú, tí èèyàn mọ́kànlá sì wà lórí omi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà ọ́ gbọ́?"

Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yòókù. Lónìí, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Richmond, nítòsí Houston, ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ Nathan, ọmọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìpàdé náà kó tó lè pe Fadá. Ó ní: "Fadá, mo sẹ́ yín."

Fadá dáhùn ní Yorùbá wọn tó já gaara: "Pétérù náà sẹ́ Olúwa rẹ̀, Olúwa sì tún fi àgùntàn lé e lọ́wọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Ọládọ̀tun bú sẹ́kún bí ọmọdé. Oṣù méjì péré ni wọ́n tún fi jọ sọ̀rọ̀ kí Fadá tó kú. Gbogbo ọdún tí fóònù yẹn fi dún tí kò gbé e, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má torí pé orúkọ ẹlòmíràn ń dán kí ẹ wá sẹ́ ẹni tó gbé yín dé ibi tí ẹ wà. Irọ́ tí ẹ fi orí mímì nìkan pa, irọ́ náà ni. Bí olùkọ́ yín bá ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lónìí kí ẹ tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ.