Ẹni Tó Bá Ní Mac Nìkan

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n kà sí Yun-chih létí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Fíìmù ìgbéyàwó ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe ní ìlú Tainan, wọn kì í sì í fún òṣìṣẹ́ ní kọ̀ǹpútà. Kálukú ló ń gbé Mac tirẹ̀, irú kọ̀ǹpútà olówó ńlá kan, wá, nítorí pé orí Mac nìkan ni ètò tí wọ́n fi ń gé fíìmù ti ń ṣiṣẹ́, àti pé obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, tó ń gbé ní Taipei, olú ìlú wọn, fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa rí i lórí tábìlì. Ọ̀gá Kang, olórí àwọn tó ń gé fíìmù, ló ka òfin náà. Kò gbé ojú kúrò nínú ìwé títí ó fi kà á tán.

“Ṣé o ní Mac?”

“Mo ní in, ọ̀gá.”

Irọ́ ni. Láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lò kù nílé ẹ̀kọ́ gíga ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe Mac. Ilé iṣẹ́ méjì ti dá a dúró lọ́dún náà. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé bí ẹ̀kẹta bá tún bọ́, kí ó padà wá sídìí adágún ẹja òun, kí ó gbàgbé fíìmù.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gbé ètò Mac wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Lọ́jọ́ kìíní, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Lọ́jọ́ kẹta ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan. Ó ń ka ohun tí àwọn tó ti gbìyànjú ẹ̀ rí kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń pa ìlà kan rẹ́, ó ń kọ òmíràn, ó ń pa kọ̀ǹpútà, ó tún ń tàn án. Káàdì Wai-Fai kọ̀ jálẹ̀; ó tú ìdí kọ̀ǹpútà, ó yọ ọ́, ó fi irú èyí tí ètò Mac mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohùn ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí orin kọ́kọ́ jáde lẹ́nu kọ̀ǹpútà náà, Yun-chih jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló ra ike dúdú, ó fi bo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí orúkọ tó wà níbẹ̀.

Níbi iṣẹ́, etí rẹ̀ kì í kúrò lára fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà náà. Bí fáànù bá ti ké, á wúkọ́ lé e. Jui-ling, tó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ló jókòó tì í.

“Àbúrò, Mac tìẹ yìí ń mí bí ẹni tó ń gun òkè.”

“Ooru ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ooru kẹ̀? Tèmi ò mí rí. Lọ ra ìpápánu kó o gbé e tì í, bóyá á fara balẹ̀.”

Àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń gbé ti ẹ̀rọ níbẹ̀, bí ẹni gbé oògùn, kó má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀kan wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mẹ́ta wà lórí tábìlì Ọ̀gá Kang.

Ọ̀gá Kang ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Yun-chih jù. Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá ń lọ sípàdé, ṣíṣí ló máa ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fi awọ bò lọ, lọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná. Wáyà búlúù kan wá láti ara ògiri dé ìdí tábìlì rẹ̀; Jui-ling ní kò fọkàn tán Wai-Fai ni. Bí fíìmù kan bá sì parí, á ní kí wọ́n gbé e sórí ti Jui-ling kí gbogbo wọn lè jọ gbọ́ ọ. Wọ́n ní àgbà iṣẹ́ ni, ó ní bó ṣe ń ṣe nǹkan ẹ̀. Nígbà míì Yun-chih á gbé ojú sókè, á rí i tó ń wò, kì í ṣe ojú òun, kọ̀ǹpútà òun ni.

Ó ti mọ̀, ni Yun-chih ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó kàn ń dúró de ọjọ́ ni.

Ọjọ́ náà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Tọkọtaya kan wá wo fíìmù wọn, ìyá ìyàwó sì tẹ̀lé wọn. Fíìmù àkọ́kọ́ tí Yun-chih dá gé ni, òun ló sì yẹ kó fi hàn wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ètò Mac bi í bóyá kí òun gba àtúnṣe tuntun. Bó ti ń kánjú, ọwọ́ rẹ̀ tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, ó gbàgbé pé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè tú ohun tó fi ọjọ́ mọ́kànlá tò.

Ìyá ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ áńkáṣíìfù láti nu ojú ni fíìmù tó ń tàn lára ògiri kú. Ọ̀rọ̀ funfun wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lórí dúdú, ìlà lé ìlà, títí tó fi dúró gbagidi.

“Ọmọ mi dà?” ni ìyá ìyàwó béèrè.

Jui-ling fẹjú. “Mac kì í ṣe báyìí! Ọdún mẹ́fà, mi ò rí irú ẹ̀ rí.”

Ọ̀gá Kang dìde. “Ìyá, ẹ má bínú, iná ló ṣe é. Jui-ling, bá wọn fi tìẹ gbé e.” Ó wo Yun-chih. “Ìwọ, tí wọ́n bá lọ, dúró.”

Nígbà tí fíìmù parí, ìyá ìyàwó sunkún, ó dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Ọ̀gá ní kí àwọn tó kù lọ jẹun ọ̀sán. Jui-ling fọwọ́ kan Yun-chih léjìká bó ti ń jáde.

“Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Tọrọ àforíjì o, má ṣe bá a jiyàn.”

Yun-chih ti ká wáyà rẹ̀ sínú àpò. Ìdí adágún ẹja ló ń rí lójú.

“Ọ̀gá, mo parọ́ fún yín. Kì í ṣe Mac. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e wọ inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ ọ́ sínú ìwé mi, kí n lè ríṣẹ́ síbòmíì.”

Ọkùnrin náà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ yí i, ó sì fa aṣọ fèrèsé.

Ó wá wọ́ àga jókòó tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: “Tèmi náà kì í ṣe Mac, Yun-chih, ọdún kejì rèé tí mo ti ń wá ẹni tí màá bi, jọ̀ọ́, báwo lo ṣe mú kí ohùn jáde lẹ́nu tìẹ?”