Ariwo Tó Bo Orúkọ Oṣù

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Rísíkátù máa ń gún iyán fún aláìsàn. Bó bá ti ku díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí, ìyá ọkọ rẹ̀ á wé gèlè, á gbé abọ́ onídèrí, á sì kọrí sí Ìfọ́n, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wà lórí ẹní àìsàn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tún gbóná láàárín Ìfọ́n àti Ìlobù tí wọ́n ń gbé, àwọn ìyàwó ilé ní Ìlobù kì í déédéé gba ọ̀nà Ìfọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ bíbí ibẹ̀ ni ìyá. Ta ni yóò bi í léèrè ibi tó ń lọ?

“Ṣé o ò fi irú sọ́bẹ̀?” ìyá á bèèrè.

“N ò fi sí i, Ìyá.”

“Káre. Ìran wa ò bá irú ṣe.”

Rísíkátù mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó dé ilé ọkọ, ìṣasùn ọbẹ̀ kan odindi ló di ti ajá nítorí irú. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìyá tún ní kó máa fi kún iyán náà. Rísíkátù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara aláìsàn ń yá. Àìsàn tó bá ń jẹun, ó ń lọ ni. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le lára ọmọ odó, kò sì ráhùn.

Jámánì ni Ọlámikúnlé ọkọ rẹ̀ wà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tó ti lọ. Kì í kọ lẹ́tà, nítorí Rísíkátù ò mọ̀wé. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ̀rọ̀ sí, bí ọ̀pọ̀ àwọn ará òkè òkun ti ń ṣe. Awakọ̀ kan tó jẹ́ ìbátan ìyá ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá dé sí Èkó. Á já a sí Ìfọ́n, ìyá á sì gbé e wálé nínú abọ́ tó ti ṣófo. Ariwo kan máa ń bo ohùn Ọlámikúnlé, ṣíì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ni, pé òtútù ibẹ̀ ò mọ ọmọ èèyàn.

Kásẹ́ẹ̀tì tó dé kẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìdúró yìí ti sú bàbá Rísíkátù. Ó ní bí àna òun kò bá dárúkọ oṣù tí yóò dé, kí ọmọ òun kó ẹrù rẹ̀ wálé. Ẹnìkan ti ń bèèrè rẹ̀ láti fẹ́, obìnrin kì í sì í fi ìrètí lóyún. Rísíkátù ò fẹ́ lọ. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dénú eegun. Ọlámikúnlé sì ti ń sọ ọ́ lọ, “Mò ń bọ̀ lóṣù...”, kí ariwo tó gbé ìyókù mì, tí kásẹ́ẹ̀tì sì tán. Ó dá Rísíkátù lójú pé orúkọ oṣù wà nísàlẹ̀ ariwo yẹn.

“Ìyá,” ó wí lórí ìkúnlẹ̀, “wọ́n ní Bùrọ̀dá Jàlálù ní ẹ̀rọ tó ń yọ ariwo kúrò.”

“Ọmọ mi ní òun ń bọ̀, kò tó ọ? Ẹni bá ń wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí.”

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kété tí abọ́ iyán kúrò nílé, Rísíkátù ki kásẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ ìborùn, ó di ṣọ́ọ̀bù Jàlálù.

Gánà ni wọ́n bí Jàlálù sí, kí wọ́n tó lé àwọn àlejò wálé. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń tà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é, ẹ ó rò pé òun ló bí ohùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ tuntun náà ránṣẹ́ sí i láti London lọ́dún 1997.

“Ìyàwó Kúnlé! Ọkọ ńkọ́?”

“Ó ń kí yín, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó káre. Wò ó, ẹ̀rọ yìí á kọ́kọ́ sọ ohùn di nọ́ńbà. Á wá sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì. Ohun tó bá ń dún bákan náà ṣáá, èérí nìyẹn, á dà á nù. Lẹ́yìn náà, á ki nọ́ńbà mìíràn sáàárín àwọn tó jìnnà síra, kí ohùn lè jọ̀lọ̀.”

Ẹ̀rù ba Rísíkátù díẹ̀. “Ṣé kò ní fi ohun tí ọkọ mi ò sọ kún un?”

“Ó ń tún ohùn ṣe ni. Kò lè dá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ.”

Ó tẹ ẹ̀rọ. Ohùn Ọlámikúnlé jáde nínú sípíkà, kedere, bí ẹni jókòó tì wọ́n. Èémí rẹ̀ pàápàá dún. Rísíkátù bú sẹ́kún ayọ̀. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ohùn náà.

“Wọ́n ń sin adìẹ lọ́hùn-ún náà,” Jàlálù wí, ó ń yí bọ́tìnnì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìparí.”

Ó sún mọ́ sípíkà. Ó ti ń ro ọbẹ̀ tí òun yóò fi pàdé ọkọ òun, ẹ̀gúsí tí irú ò kàn rárá. Kó ṣáà ti jẹ́ oṣù tó sún mọ́lé, bàbá òun á gbà.

“Mò ń bọ̀ lóṣù...” ni Ọlámikúnlé wí, níbi tí ariwo ti wà tẹ́lẹ̀ sì ni ohùn ìyá ọkọ Rísíkátù ti dún ketekete: “Kúnlé, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná, pe ìyàwó rẹ kó gbé ọmọ wá, kẹ́ ẹ jẹ iyán yìí kó tó tutù, Rísíkátù ò fi irú sọ́bẹ̀.”