Kí Òórùn Ọtí Má Wọlé

Ní ọdún 1994, Làsísì fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọtí sílẹ̀ ní Ìkẹjà nítorí ọyàn ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló fà á. Nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lọ́yàn Sùlíyá, dókítà mú àwọn méjèèjì jókòó.

"Oje kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó máa ń ránṣẹ́ sí ọyàn pé kó dàgbà," ó ní. "Jẹjẹrẹ yín yìí létí, mà. Ó ń gbọ́ iṣẹ́ yẹn, òun náà sì ń dàgbà. Hóró oògùn yìí ló máa dí i létí. Ẹ má fẹnu kan ọtí o. Ọtí á sọ iṣẹ́ ọ̀hún di ariwo, etí náà á sì tún là sí i."

"Mùsùlùmí ni wá," Làsísì fèsì. "Ọtí ò kan ẹnu ìyàwó mi rí."

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń to ìgò bíà. Imú rẹ̀ kì í gbọ́ òórùn ọtí mọ́. Sùlíyá ló máa ń ní kó bọ́ ẹ̀wù sẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá rí nǹkan mìíràn ṣe fún un, ó lè mú òórùn yẹn kúrò nílé.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," Olúgbénró ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un. "Ta ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́?"

Làsísì dá káàdì iṣẹ́ padà. Ó rí iṣẹ́ awọ màlúù rírù níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Oko Ọba. Ibẹ̀ ló ti mọ Àbẹ̀kẹ́ tó ń ta egbò igi, ó sì sọ fún un pé ìrora kì í jẹ́ kí ìyàwó òun sùn. Àbẹ̀kẹ́ gbé ìgò àgbo dúdú kan fún un.

"Ife kékeré láàárọ̀, ife kékeré lálẹ́. Ẹ dé e dáadáa, ẹ má sì gbé e sún mọ́ sítóòfù. Ara igi ni gbogbo rẹ̀ ti wá, kò sí ti òyìnbó níbẹ̀."

Sùlíyá mu ún, ó fajú ro. "Ó ń ta mí lọ́fun, òórùn egbò sì ni gbogbo rẹ̀," ó ní. Ṣùgbọ́n ó sùn. Inú Làsísì dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n fún un, kì í gbàgbé.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, dókítà fọwọ́ kan abẹ́ apá Sùlíyá. Kókó ti débẹ̀.

"Ṣé ẹ ń lo hóró yẹn?"

"Lójoojúmọ́."

"Ọtí ńkọ́?"

"Dókítà, iṣẹ́ ogún ọdún ni mo fi sílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ má baà wọlé."

Nígbà tí wọ́n jáde, Sùlíyá di ọkọ rẹ̀ lápá mú.

"Ẹ ti ṣe tiyín, Bàbá Uswat."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ eegun, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti fẹ́ gbà fún Ọlọ́run ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé òfìfo ìgò lọ bá Àbẹ̀kẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí agbára àgbo náà pọ̀ sí i.

Àbẹ̀kẹ́ kó egbò tuntun sínú ìgò, ó gbé kẹ́ẹ̀gì ògógóró tó fi ń rẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó dà á kún un dé ọrùn, ó sì ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Uswat, èyí á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."