Kọ̀ǹpútà Ilé Ìwòsàn Tí Desmond Fẹ́ Dá Ṣọ́

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí tán pátápátá, torí inú ló ń bí mi tí mo fi kọ ọ́.

1.
Desmond ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkìtìpupa. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà, nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ló sì ń lò ó. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ fáànù àti ooru ẹ̀rọ náà. Bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, á kọ ìkìlọ̀ pupa sójú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n Desmond ṣe é kó jẹ́ pé àfi tí òun bá fi orúkọ tòun wọlé ni ètò náà á tó ṣiṣẹ́. Bó bá ti jáde, ó parí nìyẹn.

Gbémi, nọ́ọ̀sì àgbà, bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Desmond, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ látìgbà tí a bá ti tan kọ̀ǹpútà, ẹni yòówù kó jókòó síbẹ̀. Kí gbogbo wa lè rí ìkìlọ̀."

"Kí ẹ rí i kí ẹ ṣe kí ni? Àǹtí Gbémi, ẹ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ yín. Tí gbogbo yín bá lè ṣọ́ ọ, kí ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ fún?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu ènìyàn jáde!

2.
Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Desmond lọ síbi ìsìnkú ní Igbódìgò. Kò fi orúkọ rẹ̀ wọlé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán Sátidé, eruku dí fáànù pa. Ẹ̀rọ ń gbóná. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnikẹ́ni ò rí ìkìlọ̀ kankan. Èéfín ni wọ́n rí.

Gbogbo àkọsílẹ̀ jóná. Ẹ̀dà tó yẹ kí Desmond máa tọ́jú síbòmíràn ńkọ́? Kò ṣe é rí!

Kò pẹ́ sígbà náà, aládùúgbò kan gbé Màmá Leah, tó ti ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ tipẹ́, dé láti Òde-Ayé. Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ara ìyá yìí kì í gba pẹnisílíìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, rárá. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́. Dókítà bi aládùúgbò náà bóyá oògùn kan wà tí ara Màmá kì í gbà, aládùúgbò ò mọ̀. Wọ́n gún Màmá ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ti kú.

3.
Lọ́jọ́ Ajé, Lazarus, ọmọ Màmá Leah, dúró de Desmond lẹ́nu géètì.

"Ẹ dákun sà, fáànù ló..." Desmond bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

"Fáànù ló pa ìyá mi? Ṣé fáànù ló ní kí àwọn nọ́ọ̀sì má rí ìkìlọ̀?"

Desmond kúnlẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ó lè dà báyìí."

"Wọ́n sọ fún ẹ! Nọ́ọ̀sì Gbémi sọ fún ẹ!"

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ẹjọ́ báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń gbé fóònù lásán pàápàá fún un pé kó bá òun tún un ṣe ní gbogbo ìlú. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ṣe é kí ètò náà máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré!

Ìwọ tó ń kà á yìí, tí ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò bá wà níkàáwọ́ rẹ, má fi ìkìlọ̀ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ tìrẹ nìkan. Jẹ́ kí ẹlòmíràn rí i. Tí wọ́n bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, gbọ́! Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀gá tó rò pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́gbọ́n kan kò lè ta kókó omi sétí aṣọ.